Jackpot Já, Máṣíìnì Tì Pa: Owó Orí Ńkọ́?

Ẹ wo ojú máṣíìnì yìí dáadáa, ẹ̀yin èèyàn mi. Las Vegas la wà, video poker ni, eré káàdì orí máṣíìnì, máṣíìnì dọ́là 5, ìyẹn ni pé kọ́ìnì kan jẹ́ dọ́là 5, ẹni tó ń ta á fi kọ́ìnì 5 sí i lẹ́ẹ̀kan náà, royal flush, ọwọ́ káàdì tó ga jù lọ, wá balẹ̀ gbàgà, 20,000 dọ́là! Iná ń tàn yẹ́ríyẹ́rí, orin ń dún, àmọ́ tó bá tẹ bọ́tìnì báyìí kò ní dáhùn. Kò bàjẹ́ o, ó ti ara ẹ̀ pa ni, ó ń dúró de òṣìṣẹ́ kàsínò tó máa gbé fọ́ọ̀mù wá.

W-2G lorúkọ fọ́ọ̀mù yẹn, òun ni wọ́n fi ń sọ fún ìjọba Amẹ́ríkà iye téèyàn jẹ nídìí tẹ́tẹ́. Láti 1977, tí jackpot bá ti pé 1,200 dọ́là ni wọ́n máa ń kọ ọ́, January 2026 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di 2,000. Ẹni tó ń ta kékeré lè má fojú kàn án lọ́dún, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jókòó sídìí máṣíìnì dọ́là 25, four of a kind lásán, ìyẹn káàdì mẹ́rin tí nọ́ńbà wọn jọra, lórí Jacks or Better tó jẹ́ irú video poker kan, 3,125 dọ́là nìyẹn, ó sì máa ń já bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 423 tí wọ́n bá pín káàdì, ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ yá lè buwọ́ lùwé lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin kílẹ̀ tó mọ́.

Wọ́n á gba ID yín àti nọ́ńbà Social Security, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀ fún owó orí ní Amẹ́ríkà. Tẹ́ ẹ bá fún wọn, owó á pé lọ́wọ́ yín, owó orí ẹ̀ di ìgbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe tax. Tẹ́ ò bá fún wọn, 24% á kúrò níbẹ̀. Ẹ̀dà kan á sì lọ sọ́dọ̀ IRS, àjọ tó ń gba owó orí ní Amẹ́ríkà.

Ibi tó ń dùn mí rèé. Ohun tẹ́ ẹ jẹ nìkan ló wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn, ohun tí máṣíìnì jẹ lára yín ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ lè buwọ́ lu fọ́ọ̀mù 5 lálẹ́ kan, 15,625 dọ́là, kẹ́ ẹ sì délé pẹ̀lú àpò òfìfo. Òfin gbà kẹ́ ẹ yọ owó tẹ́ ẹ pàdánù, àmọ́ àfi tẹ́ ẹ bá to ìnáwó yín sórí Schedule A, fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń to ìnáwó tó lè dín owó orí kù sí, kò sì lè ju ohun tẹ́ ẹ jẹ lọ, láti 2026 sì rèé 90% ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó jẹ 100,000 tó sì pàdánù 100,000, ọwọ́ ẹ̀ ṣófo, síbẹ̀ wọ́n á ka 10,000 sí i lọ́rùn bí èrè tó máa san owó orí lé lórí.

Ìwé kékeré tí mo mú dání yìí, ẹ wò ó: déètì, orúkọ kàsínò, nọ́ńbà máṣíìnì, owó tí mo gbé wá, owó tó kù. Kẹ́ ẹ tó dìde nídìí máṣíìnì ni kẹ́ ẹ ti kọ ọ́ o, tó bá dọ̀la ẹ ti gbàgbé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn wá ṣeré láti Nàìjíríà, 30% ni wọ́n máa yọ lójú ẹsẹ̀, 6,000 nínú 20,000 yẹn, ẹ ò sì lè yọ owó tẹ́ ẹ pàdánù torí àdéhùn owó orí ò sí láàárín Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé London ní àdéhùn tiwọn, fọ́ọ̀mù W-8BEN tó ń fi hàn pé ará ìlú òkèèrè ni wọ́n, àti ITIN, nọ́ńbà owó orí fún ẹni tí kò ní Social Security, ni wọ́n á fi gba owó wọn láìyọ kọ́bọ̀.

Ẹni tó bá sì mọ̀ pé owó ò ní dúró lọ́wọ́ òun, kó sọ fún òṣìṣẹ́ yẹn pé kó bá òun yọ owó orí sílẹ̀ kó tó kà á fún òun, wọ́n máa ń ṣe é.