Irun Kan Lójúmọ́

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Peckham, ní London níbí, ẹ̀yin ará Houston, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ mi látinú ilé ìdáná n'Íbàdàn, mo kí gbogbo yín. Kò sí àlejò lónìí. Èmi nìkan ni, èmi àti ife tíì kan tó ti tutù.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò tóbi. Tí oṣù kẹwàá ọdún bá ti wọlé, àwọn ayàwòrán kárí ayé á gbé bírò àti yínkì, wọ́n á máa ya àwòrán kan lójúmọ́ títí oṣù á fi parí. Inktober ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Jake Parker, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2009, torí ó fẹ́ kí òun fúnra òun túbọ̀ mọ yínkì lò. Àwọn oníkámẹ́rà náà ní tiwọn, fọ́tò kan lójúmọ́ fún odidi ọdún. Wọ́n á wá kó ọ̀rọ̀ jọ fún èèyàn: lónìí òjìji, lọ́la nǹkan pupa, lọ́túnla afárá.

Èmi ò lè fi tiwọn ṣe. Mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ẹsẹ̀ ń ro mí, ẹni tí kò mọ̀ mí rí wá ní kí n máa wá afárá kiri. Afárá wo? Tèmi ni pé irú nǹkan báyìí kì í bá èèyàn kalẹ́ àfi tó bá mú ohun tí ojú rẹ̀ ti ń wá tẹ́lẹ̀. Èmi mú irun. Irun dídì, irun kíkó. Onídìrí ni ìyá mi, ẹ̀gbẹ́ àpótí tó fi ń jókòó dirun ni mo ti kọ́ ABD.

Òfin mi kò pọ̀. Bírò dúdú nìkan, kò sí pé à ń pa á rẹ́. Ìwé rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, nítorí náà ẹ̀yìn rìsíìtì ni mo sábà ń lò. Kí àkókò ìsinmi tí wọ́n fún wa níbi iṣẹ́ tó tán, ó gbọ́dọ̀ ti parí, ì báà dára, ì báà wọ́. Ọjọ́ tí mo bá fò, mo ti fò ó nìyẹn. N kì í ya méjì lọ́jọ́ kejì láti fi dí i. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já sílẹ̀ nìyẹn, wọ́n á sọ eré di gbèsè. Ta ni gbèsè ò tíì tó lọ́rùn nílùú òyìnbó níbí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ṣùkú. Èèyàn á rò pé ṣùkú rọrùn láti yà: di gbogbo rẹ̀ lọ sókè, kó o jọ sí àtàrí, ó parí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń lé irun yẹn kiri lórí ìwé, ohun tó máa jáde á dà bí agbọ̀n tí màlúù tẹ̀ mọ́lẹ̀. Irun kọ́ ni kí ẹ yà, ojú ìlà ni. Ibi tí ẹnu ìlarun gbà kọjá, tí awọ orí ti hàn gbọọrọ láàárín ẹsẹ̀ irun méjì, òun ló ń sọ fún ojú pé orí yìí rí róbótó. Bí àwọn ìlà bá ṣe ń sún mọ́ra bí wọ́n ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni orí á máa yọ jáde lórí ìwé. Nítorí náà, mo máa ń fi awọ orí sílẹ̀ ní funfun, n kì í fọwọ́ kàn án, màá wá kun àárín rẹ̀ ní dúdú. Kòlẹ́sẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, àfi pé láti iwájú ni tirẹ̀ ti ń lọ sí ìpàkọ́. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ń ti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Pàtẹ́wọ́ ló le jù, torí ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ pàdé láàárín gbùngbùn, bẹ́ẹ̀ olórí pàtẹ́wọ́ kì í fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹni tó la ọ̀nà yìí fún mi ni ayafọ́tò kan, J. D. 'Okhai Ojeikere. Wọ́n bí i ní 1930, ní apá ibi tó di Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló ti wọnú iṣẹ́ fọ́tò: ó ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fíìmù ní iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba, ó tún ya fọ́tò fún iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó wà níbẹ̀. Lọ́dún 1968 tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin, iléeṣẹ́ ìpolówó ọjà ló ń san owó oṣù fún un. Ìyẹn ló wú mi lórí jù. Kò dúró dìgbà tó máa fẹ̀yìn tì. Ní títì, lóde ìnáwó, ní ọ́fíìsì, níbi tó bá ti rí irun tó wù ú, á bẹ ẹni tó ni ín, á yà á. Ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà, ní dúdú àti funfun, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ tó máa gba ojú mọ́ irun lọ́wọ́. Wọ́n tó bí ẹgbẹ̀rún kan fọ́tò kó tó kú ní 2014. Lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ dé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ńlá ti Venice ní Ítálì. Irun tí wọ́n máa tú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan o!

Nínú bọ́ọ̀sì 36, tí obìnrin kan bá jókòó síwájú mi, n kì í yọ fóònù. Kò dáa. Orí ẹni, ohun ńlá ni nílẹ̀ wa. Ṣe ni mo máa ń ka ẹsẹ̀ irun rẹ̀, kí n gbé e sọ́kàn títí màá fi sọ̀ kalẹ̀, ìyẹn sì ti mú kí ojú mi mú sí i. Ní ti fọ́tò, ó di Sátidé, ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan nítòsí Rye Lane. Màá tọrọ àyè lọ́wọ́ onídìrí, màá tọrọ lọ́wọ́ ẹni tó wá dirun, màá ṣèlérí pé ojú ò ní hàn. Obìnrin kan bínú sí ìlérí yẹn. "Àǹtí, ojú mi ńkọ́? Ṣé mo burẹ́wà ni?" Àlàyé yẹn gùn ju fọ́tò lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa gbé e sórí Instagram lójoojúmọ́. Rárá o. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, lííkì ni màá máa kà dípò ẹsẹ̀ irun. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń rí i lójoojúmọ́, màmá àgbàlagbà kan níbi iṣẹ́ wa, ọmọ Jàmáíkà. Oorun kì í kun ojú wọn lóru. Wọ́n rí rìsíìtì lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìka tọ ìlà rẹ̀, wọ́n ní bí ìyá àwọn ṣe máa ń di tàwọn nìyẹn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, kí ilé ìwé tó wọlé lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà náà, n kò ní tíì bọ́ kóòtù tán tí wọ́n á ti béèrè pé tòní dà. Wọn kì í yìn mí o! Ìlà yìí wọ́, etí yìí ti gòkè jù. Mo sì máa ń tún un wò, torí òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Oṣù tó ń bọ̀, gèlé ló kàn. Àwọn ìyá ìjọ wa ti gbọ́, wọ́n ti ń tò sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti kìlọ̀ fún mi pé òun ò ní gbà kí n fi bírò dúdú ya aṣọ òkè tí òun ra lówó gọbọi, nítorí náà ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta bírò aláwọ̀ wúrà ní London, kó yáa sọ fún mi kí ọjọ́ Ìsinmi tó pé. Ó dìgbà o.