Ẹ Ka Bíbélì Ná, Kí Ẹ Tó Gbàdúrà Òwúrọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá láti ilé àti láti ìdálẹ̀. Tí ẹ bá gba Òkè Lérin kọjá ní ìdájí, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó gbọ́ ọ láti ojúlé sí ojúlé: àtẹ́wọ́, orin, lẹ́yìn náà àdúrà. Bàbá á gbàdúrà owó ilé ìwé, á gbàdúrà fún ọmọ tó wà l'Ékòó, á wá kan àwọn ọ̀tá, èyí tá a mọ̀ àti èyí tá ò mọ̀. Àwọn ọmọ ti ń tòògbé lórí ẹní. Ìgbà tí wọ́n á fi ṣí Bíbélì, ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Wọ́n á sáré ka ẹsẹ kan, wọ́n á ṣe àmín, kálukú á gba ẹ̀yìn lọ bomi.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lónìí ni pé kí ẹ yí i padà. Ẹ kà ná, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ.

Ẹ jẹ́ ká fi Orin Dáfídì karùn-ún ṣe é. Ẹsẹ 3 ni gbogbo wa mọ̀, ibi tó ti ní Olúwa á gbọ́ ohùn òun ní òwúrọ̀. Ẹ má dúró síbẹ̀, ẹ ka ẹsẹ 8 sókè, ẹ tún un kà. Dáfídì dárúkọ ọ̀tá níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tọrọ: ó ní kí Olúwa tọ́ òun nínú òdodo nítorí wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́ kí Ọlọ́run tún ṣe! (Mo mọ̀ pé ẹsẹ 10, ibi tó ti ní kí Ọlọ́run dá àwọn ọ̀tá náà lẹ́bi, le. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ẹsẹ 10, mo rí yín.)

Ìyá tó ń ta gàrí ní ọjà Tákìé, tó bá fi ẹsẹ 8 yìí gbàdúrà, kò ní ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyáalé àdúgbò. Á ní, "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí n tẹ ìdí kọ́ńgò wọnú lónìí. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀sùn sí mi lẹ́sẹ̀, má jẹ̀ẹ́ kó rí i." Ṣé ẹ rí i pé àdúrà náà ti di tuntun? Ọ̀rọ̀ tó kà ló gbé e síbẹ̀. Kó wá tọrọ owó ilé ìwé wàyí, kò sóhun tó burú ńbẹ̀.

Ẹ ò nílò orí púpọ̀. Orí 1,189 ló wà nínú Bíbélì. Ẹni tó bá fẹ́ parí ẹ̀ lọ́dún kan á máa ka mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́. Ó dáa, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ gbé ìyẹn sí ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ bíi mẹ́wàá tó fún òwúrọ̀.

Ẹ sì kà á ní Yorùbá, pàápàá tí Màmá àgbà bá wà níjòókòó. Nígbà tí Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, kò tíì sí odindi Bíbélì ní èdè wa. Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣe é títí ó fi jáde lódindi ní 1884. Ẹ wò ó bó ṣe pẹ́ tó, ká wá gbé e sórí pẹpẹ kí eruku máa bò ó.

Bíbélì orí fóònù ò burú. Ẹ ṣáà ti pa dátà ná, torí WhatsApp ò mọ̀ pé ẹ ń gbàdúrà.

Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ti máa wà ní gáréèjì kí ilé tó jí, ẹ ka ẹsẹ tiyín lálẹ́, kí ẹ fi gbàdúrà láàárọ̀ lójú ọ̀nà Ìlọrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dijú o.