Lọ́yà Tí Oníbàárà Rẹ̀ Ò Lówó: Ta Ló Ń Sanwó Oṣù Rẹ̀ ní Amẹ́ríkà?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Mount Gilead, ìlú kékeré kan ní North Carolina. Mẹkáníìkì aláwọ̀ dúdú kan bá òyìnbó tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe. Iṣẹ́ parí, òyìnbó gbọ́kọ̀, ó lóun ò sanwó. Bàbá yìí lọ bá lọ́yà kan, ó lọ bá òmíràn. Òyìnbó ni gbogbo wọn, kò sí èyí tó gbà láti bá a rojọ́. Owó yẹn gan-an ló sì fẹ́ fi rán ọmọ ẹ̀ lọ sílé ìwé tó dáa. Bí ọmọ náà, Julius Chambers, ṣe pinnu pé lọ́yà lòun máa ṣe nìyẹn.

Ó gboyè òfin ní 1962, òun ló sì gba ipò kìíní ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n irú àwọn tó fẹ́ gbà sílẹ̀, àwọn bíi bàbá ẹ̀, wọn ò lówó lọ́yà. Kí ni yóò máa jẹ? LDF (Legal Defense Fund), àjọ àwọn lọ́yà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, tí lọ́yà aláwọ̀ dúdú kan, Thurgood Marshall, dá sílẹ̀ ní 1940, gbà á sọ́dọ̀ ní New York ní 1963, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà sínú ètò tí wọ́n fi ń tọ́ ọ̀dọ́ lọ́yà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ṣí ọ́fíìsì ní Charlotte. Ní 1965, ó pe ẹjọ́ ta ko ìyàsọ́tọ̀ àwọn ọmọ dúdú ní ilé ìwé Charlotte. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n ju bọ́ǹbù sílé ẹ̀. Kò sá. Ní 1971, gbogbo adájọ́ 9 ní Supreme Court, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, dá a láre.

Fellowship ni wọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀ lónìí. Kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì o, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíì ló ń san owó oṣù yín, bí ọdún kan tàbí 2, ẹ̀yin ń bá aláìní rojọ́, àgbà lọ́yà sì ń wo ọwọ́ yín.

Àwọn àjọ kan máa ń gbani tààrà, ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ lẹ máa bá wọn ṣe. Èyí tó le ni ti Skadden, ilé iṣẹ́ lọ́yà ńlá kan, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1988, àti ti àjọ Equal Justice Works. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá àjọ tó máa gbà yín sọ́dọ̀, tẹ́ ẹ sì máa jọ kọ iṣẹ́ ọdún 2 tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe sílẹ̀.

Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já. Wọ́n á kọ̀wé pé, “Mo fẹ́ jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláìní.” Ta ni ò fẹ́? Ẹ sọ ẹni náà, ẹ sọ kọ́ọ̀tù. Bíi ká sọ pé àwọn onílé àdúgbò kan kì í gba ayálégbé tí ìjọba ń bá san lára owó ilé. Ẹ kọ ọ́ pé àwọn ayálégbé yìí lẹ máa dúró fún, kọ́ọ̀tù báyìí lẹ máa lọ, àjọ báyìí ló ti mọ̀ wọ́n tipẹ́. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ o: ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ òfin ni wọ́n ń gba ìwé ìbéèrè fún fellowship. Ìpínlẹ̀ tí iṣẹ́ wà náà ni kẹ́ ẹ ti gba ìwé àṣẹ lọ́yà, torí ìwé àṣẹ Texas ò wúlò ní kọ́ọ̀tù ìpínlẹ̀ Alabama.

LDF ò fi irú ètò tí wọ́n fi tọ́ Chambers sílẹ̀. Ní 2021 wọ́n dá Marshall-Motley Scholars Program sílẹ̀ fún ọ̀dọ́ 50: wọ́n á san owó ilé ẹ̀kọ́ òfin wọn, fellowship ọdún 2 á tẹ̀ lé e, àwọn náà á sì fi ọdún 8 ṣiṣẹ́ ẹ̀tọ́ aráàlú ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù. Ọdún 8 kì í ṣe kékeré, ó yẹ kéèyàn rò ó dáadáa kó tó fọwọ́ síwèé.

Ọmọ mẹkáníìkì ńkọ́? Ó lo ogún ọdún ní Charlotte. Ní 1984, LDF ránṣẹ́ pè é padà sí New York, kó wá ṣe ọ̀gá wọn.