Endometriosis: sójà ara ò sùn o, ariwo ló ń pa!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Endometriosis ló kàn lónìí, àìsàn tí sẹ́ẹ̀lì tó jọ ti inú ilé ọmọ fi ń hù síta ilé ọmọ, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó ń jẹ́ nǹkan oṣù, ẹ kúkú mọ ìyẹn.

Ní 1927 ni John Sampson, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù máa ń ṣẹ́rí padà gba ọ̀nà ẹyin wọ inú ikùn, á sì kó sẹ́ẹ̀lì ilé ọmọ dání. Ó dáa. Ṣùgbọ́n tí ọ̀nà ẹyin bá ti là, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú obìnrin mẹ́wàá lèyí ń ṣe, ẹnì kan péré nínú mẹ́wàá sì ni sẹ́ẹ̀lì yẹn ń ta gbòǹgbò sí lára. Kí ló dé?

Ibí lẹ ti máa ń ṣì í! Ẹ á ní "àwọn sójà ara ẹ̀ ló ti rẹ̀." Rárá o. RÁRÁ! Àwọn sójà yẹn, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara, ò sùn, kódà wọ́n pọ̀ nínú omi ikùn ẹni tó ní in ju ti ẹlòmíì lọ, wọ́n sì ń pariwo. Ariwo yẹn ni cytokine, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn, IL-6, IL-8, TNF àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo ọlọ́dẹ àdúgbò. (Ti àdúgbò tí mo gbé rí, fèrè wọn ò jẹ́ ká sùn, olè ò sì yéé wá.) Ọ̀kan fọn fèrè, àwọn yòókù sáré dé, ni wọ́n bá ń bá olè ru búlọ́ọ̀kù kó lè kọ́lé síbẹ̀! Bó ṣe rí nìyẹn gẹ́lẹ́: MCP-1, cytokine kan, ni fèrè, macrophage, sójà tó ń gbé nǹkan àjèjì mì, ló sáré dé, dípò kó jẹ sẹ́ẹ̀lì tó ṣìnà run, ó tú VEGF, èròjà tó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ hù, jáde, iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù débẹ̀, oúnjẹ dé nìyẹn, IL-8 ń ran sẹ́ẹ̀lì náà lọ́wọ́ láti lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, IL-6 àti TGF-beta, cytokine mìíràn, wá sọ NK cell, sójà mìíràn tó yẹ kó pa á, di ọ̀lẹ, iṣan tó ń gbé ìrora náà tún ń hù síbẹ̀, ẹ wá ń bi obìnrin pé ṣé inú rírun lásán kọ́ ni?

Nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra immune booster, oògùn tí wọ́n ní ó ń fún sójà ara lágbára, kiri, kí lẹ fẹ́ kó ṣe gan-an? Kí fèrè túbọ̀ dún?

Ẹnì kan á ní ká kúkú pa TNF lẹ́nu mọ́. Wọ́n ti dán an wò ní Belgium, wọ́n fi oògùn kan tó ń jẹ́ infliximab dí TNF, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2008: ìrora àwọn tó gbà á ò dín ju tàwọn tí wọ́n fún lóògùn òfìfo lọ. Fèrè ò kúkú sí lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé oògùn tó ń dá estrogen, hòmóònù obìnrin, dúró tàbí tó ń dín in kù làwọn dókítà ṣì ń kọ, torí estrogen yẹn náà ń bu epo síná ariwo ọ̀hún.