Ìgbà Wo Ni O Rí Ojú Ọmọ Rẹ Gbẹ̀yìn? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ẹgbẹ́ Kékeré Àwọn Baba Onígbàgbọ́

Ẹ̀yin baba, ẹ̀yin ìyá tí ẹ wá gbọ́ ohun tí a fẹ́ sọ nípa àwọn ọkọ yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin tí ẹ kò tíì bímọ ṣùgbọ́n tí ẹ ti gba gbogbo àga iwájú, mo kí yín. Àkọlé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ni "Ipa tí ẹgbẹ́ kékeré àwọn ọkùnrin ń kó nínú ìdàgbàsókè baba nínú ilé Onígbàgbọ́". Àkọlé náà dára, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún alága pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo mú wá, òun náà ni mo sì máa ń gbé kiri: ìgbà wo ni o rí ojú ọmọ rẹ gbẹ̀yìn? N kò béèrè ìgbà tí o san owó ilé-ìwé rẹ̀, n kò sì béèrè ìgbà tí o bá a wí. Ojú rẹ̀ ni mo ń béèrè.

Inú ilé Dáfídì ni mo ti rí ìbéèrè náà. Ẹ ṣí 2 Sámúẹ́lì orí 13. Ẹ mọ̀ pé Ámínónì ọmọ Dáfídì fi ipá bá Támárì àbúrò rẹ̀ lò pọ̀, nítorí náà n kò ní fa ọ̀rọ̀ náà gùn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyèsí ni ohun tí bàbá wọn ṣe. Ẹsẹ 21 sọ pé nígbà tí ọba gbọ́, inú bí i gidigidi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì parí síbẹ̀. A kò kà pé ó pe Ámínónì, a kò sì kà pé ó lọ jókòó ti ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó wà nínú ìbànújẹ́ ní ilé Ábúsálómù, ọmọ ìyá rẹ̀. Ọdún 2 kọjá lórí ìbínú tí kò di ìgbésẹ̀ kankan, Ábúsálómù pa Ámínónì, ó sì sá lọ sí Géṣúrì, ó lo ọdún 3 níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá mú un padà sí Jerúsálẹ́mù, bàbá rẹ̀ ní kí ó máa lọ sí ilé ara rẹ̀, kí ó má ṣe rí ojú òun, ọdún 2 gbáko ni bàbá àti ọmọ sì fi gbé ìlú kan náà tí wọn kò fojú kan ara wọn. Ẹ ro ó pọ̀: 2, àti 3, àti 2. Ọmọ tó pé ọdún 10 nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ yóò ti di ọmọ ọdún 17.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọkùnrin tí kò ní ọ̀rẹ́ ni ó máa ń kùnà nínú ilé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Dáfídì ní àwọn ọkùnrin lẹ́yìn. Orí 23 ìwé kan náà to orúkọ àwọn akọni rẹ̀, ó ní gbogbo wọn jẹ́ 37. Àwọn 3 nínú wọn la àárín ogun Fílístínì kọjá lọ pọn omi nínú kànga Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, kìkì nítorí pé òùngbẹ omi náà ń gbẹ ọba. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n lè kú nítorí omi mímu rẹ̀, ìwé náà kò sọ fún wa pé ọ̀kan nínú wọn bi í pé báwo ni ọmọ rẹ. Nátánì wòlíì tí ó dojú kọ ọ́ nítorí Bátíṣébà, aya aláya tí ó gbà, ní orí 12, a kò gbúròó rẹ̀ ní orí 13 títí dé 18. Ẹgbẹ́ ọkùnrin pọ̀ láyé. Ẹgbẹ́ tí ń béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ ni ó ṣọ̀wọ́n.

Ẹnìkan ṣì wà tí ó béèrè, Jóábù olórí ogun Dáfídì ni. Òun ni ó rí i pé ọkàn ọba ń fà sí ọmọ rẹ̀, tí ó rán obìnrin Tékóà lọ pa òwe fún un, tí ọba fi gbà kí ọmọ náà padà. Nígbà tí Ábúsálómù dé tán, Jóábù kà á sí iṣẹ́ tí ó ti parí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ábúsálómù ránṣẹ́ pè é, kò dá a lóhùn, àfìgbà tí ọmọ náà ní kí wọ́n ti iná bọ oko ọkà báálì rẹ̀ ni ó tó sáré wá. Ibí ni mo ń lọ láti àárọ̀. Jóábù béèrè lẹ́ẹ̀kan, kò padà wá béèrè. Ohun tí a fi ń mọ ẹgbẹ́ tí ń sọ ọkùnrin di baba ni pé ẹni tí ó bi ọ́ léèrè lọ́sẹ̀ yìí yóò tún bi ọ́ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, yóò sì rántí ọmọ tí o dárúkọ.

Kí n tó kúrò lórí Dáfídì (mo mọ̀ pé alága ti ń wo aago), ẹ ka 1 Àwọn Ọba orí 1 ẹsẹ 6. Níbẹ̀ ni a ti sọ nípa Àdóníjà, ọmọ Dáfídì mìíràn, pé bàbá rẹ̀ kò fìgbà kan bà á nínú jẹ́ nípa bíbi í pé, "Èéṣe tí ìwọ fi ṣe báyìí?" Ẹni tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè kò mọ bí a ti ń bi ọmọ léèrè. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ yìí ju wákàtí mẹ́ta ìwàásù nípa ọmọ títọ́ lọ.

Ẹgbẹ́ tí mo kọ́kọ́ wà, ọkùnrin 6 ni wá, a sì fẹ́ràn ìwé púpọ̀. Nígbà tí a dé Éfésù 6:4, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kí àwọn baba má ṣe mú àwọn ọmọ wọn bínú, ìpàdé méjì ni a fi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó wà níbẹ̀. A sọ̀rọ̀ nípa òfin Róòmù tí ó fún baba láṣẹ lórí ẹ̀mí ọmọ rẹ̀, a sì yin Pọ́ọ̀lù pé ó gboyà láti dojú ọ̀rọ̀ kọ baba ní ayé tí ó jẹ́ pé ọmọ ni wọ́n sábà máa ń kìlọ̀ fún. Gbogbo rẹ̀ ni ó jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí a fi ń jiyàn, ọ̀kan nínú wa kò bá ọmọbìnrin rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọmọ náà sì ti kó kúrò nílé. Oṣù kẹrin ni a tó mọ̀. Òun kọ́ ni ó fi pamọ́ fún wa, kò sí ẹni tó bi í ni.

Ohun tí mo ń sọ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1742, ní ìlú Bristol, àwọn ènìyàn John Wesley, oníwàásù tí ó dá ẹgbẹ́ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, jẹ gbèsè lórí ilé ìpàdé wọn. Wọ́n pinnu pé kí olúkúlùkù máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀, kí a pín wọn sí ọ̀wọ́ ènìyàn 12, kí ẹnìkan nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì máa gba owó náà jọ. Àwọn agbowó wọ̀nyí ni wọ́n rí ohun tí àwọn oníwàásù kò rí. Wọ́n dé ilé ọ̀kan, wọ́n bá a tí ó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà. Wọ́n dé ti òmíràn, ó ti mutí yó. Bí ìpàdé ọ̀wọ́ ṣe di ohun ìtọ́jú ọkàn nìyẹn. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1738, Wesley ti kọ ìlànà fún àwọn ẹgbẹ́ tí ó kéré sí èyí, tí ọkùnrin ń bá ọkùnrin pàdé, tí obìnrin ń bá obìnrin pàdé. Jákọ́bù 5:16, tí ó ní kí a jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa fún ara wa, ni ó gbé e lé, ìbéèrè àkọ́kọ́ sì ni pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni o mọ̀ pé o dá láti ìgbà tí a ti pàdé kẹ́yìn. Ẹ fi ìlà sí abẹ́ "láti ìgbà tí a ti pàdé kẹ́yìn". (Wesley fúnra rẹ̀ kò ní ọmọ tirẹ̀, ilé ọkọ àti aya rẹ̀ kò sì tòrò. Bí ọ̀bẹ kò ṣe lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀ náà tún nìyẹn.)

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n fẹ́ràn àpéjọ ńlá yóò sọ pé àwọn ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin jọ. Mo kí wọn. Bill McCartney, tí ó jẹ́ kóòṣì bọ́ọ̀lù ní Yunifásítì Colorado, dá Promise Keepers, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin Onígbàgbọ́, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1990, àwọn ọkùnrin sì kún pápá ìṣeré lẹ́yìn rẹ̀ títí wọ́n fi pé jọ ní Washington ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1997. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀jẹ́ 7 tí wọ́n ń jẹ́: ìkejì nínú wọn ni pé kí ọkùnrin ní àwọn ọkùnrin díẹ̀ tí yóò bá rìn, nítorí pé kò lè dá ẹ̀jẹ́ náà pa mọ́. Àwọn tó ni pápá ìṣeré gan-an mọ̀ pé pápá ìṣeré kò tó. Nínú èrò tó pọ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò mọ̀ pé o kò tíì rí ojú ọmọ rẹ?

Alága ti fi ìka 5 hàn mí, nítorí náà mo ní láti yára. Kí ẹgbẹ́ má ṣe ju ọkùnrin 6 lọ, kí wọ́n sì pàdé lọ́sẹ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Kí àwọn tó ti di bàbá àgbà wà nínú rẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ tí gbogbo wọn jẹ́ bàbá ọmọ ọwọ́ yóò kàn máa bá ara wọn ṣàánú oorun ni. Kí olúkúlùkù dárúkọ ọmọ kan àti ohun kan tí yóò ṣe, kí ẹnìkan kọ ọ́ sílẹ̀. Kí àṣírí wà, àyàfi tí a bá gbọ́ pé ẹnìkan ń ṣe ọmọ níkà. Níbẹ̀ kò sí àṣírí mọ́, kí a sọ fún àwọn tí òfin fún láṣẹ láti gba ọmọ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ nípa àwọn bàbá tí kò bá àwọn ọmọ wọn gbé mọ́, ṣùgbọ́n àkókò kò gbà wá.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ìbéèrè ni ó tẹ̀lé e. Ìyá kan dìde láti ẹ̀yìn, ó ní: "Ẹ ṣeun sà. Ẹ ní kí bàbá máa dárúkọ ọmọ nínú ẹgbẹ́. Ṣé ẹ ti bi ọmọ náà bóyá ó fẹ́ kí ọkùnrin marùn-ún mìíràn mọ ọ̀rọ̀ òun? Mo mọ ilé kan tí bàbá ti sunkún nínú ẹgbẹ́ nítorí ohun tí ó ṣe sí ọmọ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà sọ fún àwọn ìyàwó wọn, àwọn ìyàwó sọ ọ́ títí ó fi dé etí ọmọ. Bàbá náà kò tíì bẹ ọmọ yẹn títí di òní. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ lọ́dọ̀ yín, ó sì parí síbẹ̀."

N kò dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ń sọ ìtàn Dáfídì, orí 18 ni mo máa ń dúró sí, pẹ̀lú ẹkún tí ọba sun nínú yàrá orí ẹnu ibodè lẹ́yìn tí wọ́n pa Ábúsálómù, ọmọ rẹ̀ tí ó dìtẹ̀ sí i, lójú ogun. Nígbà tí ìyá yìí sọ̀rọ̀ ni mo rántí orí 19, níbi tí a ti sọ pé gbogbo àwọn jagunjagun gbọ́ pé ọba ń kẹ́dùn nítorí ọmọ rẹ̀. Gbogbo wọn ni ó gbọ́. Ábúsálómù nìkan ni kò gbọ́.

Mo gba ẹ̀bi ohun tí ìlànà mi kò ní. Láti ọjọ́ náà ni a ti tún un ṣe ní ẹgbẹ́ tiwa: ohun tí ìwọ bàbá ṣe ni kí o sọ, ọ̀rọ̀ àṣírí ọmọ kì í ṣe tìrẹ láti gbé wá, ohun tí a sọ níbẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dé yàrá ìyàwó ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìbéèrè kejì ti wá wà lẹ́yìn ti ojú: kí ni o sọ fún ọmọ náà fúnra rẹ̀? Bí kò bá ní ìdáhùn, a kì í gbàdúrà pẹ́ fún un lọ́jọ́ náà. A máa ń jẹ́ kí ó tètè lọ sílé.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ni ó béèrè kẹ́yìn, bóyá òun tí kò tíì bímọ lè wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ó wá. Àwa yòókù ti gbàgbé bí ọdún 2 ṣe máa ń rí lójú ọmọ tí ń retí kí bàbá rẹ̀ pe òun, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí òun ṣì rántí.