Kí Gan-an Lẹ Kà? Dídán Àbá Wò Lórí Dátà Àṣà Kí Iléeṣẹ́ Tó Ré Kọjá Ààlà

Ẹ kú ìjókòó o. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá, mo sì máa tún un bi yín títí tí màá fi jókòó: kí gan-an lẹ kà? Iléeṣẹ́ á fẹ́ lọ tajà nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n á gbé dátà àṣà, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi wọn àṣà orílẹ̀-èdè, síwájú àwọn ọ̀gá, wọ́n á ní àwọn ti dán àbá wò, ìyẹn ni pé àwọn ti fi dátà yẹ èrò kan wò, èsì sì fi hàn pé àṣà ibẹ̀ kò ní gba ọjà àwọn. Kí lẹ kà kẹ́ ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí gbogbo wa mọ̀. Láàárín 1967 sí 1973, àwọn òṣìṣẹ́ IBM, iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, káàkiri ayé dáhùn ìwé ìbéèrè tó lé ní 116,000. Inú rẹ̀ ni Geert Hofstede, onímọ̀ ará Netherlands, ti yọ òṣùwọ̀n mẹ́rin tó gbé jáde lọ́dún 1980: àlàfo agbára láàárín ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, mo-dá-dúró (kí oníkálukú máa fi ti ara rẹ̀ ṣáájú ti ẹgbẹ́), ìbẹ̀rù ohun tí kò dájú, àti ìwà ako tàbí abo. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fi 116,000 dẹ́rù bà yín, ẹ rántí pé orílẹ̀-èdè 40 ló wà nínú tábìlì àkọ́kọ́. Bí àbá yín bá dá lórí orílẹ̀-èdè, 40 lẹ ní. Nígbà tí tábìlì náà sì fẹ̀ sí i, Nàìjíríà, Gánà àti Sàró di ẹyọ kan, wọ́n pè é ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta, nọ́ńbà kan!

Ẹ wo tábìlì kan pẹ̀lú mi dáadáa. Ká ní a bi oníbàárà 1,000 ní Jámánì àti 1,000 ní Amẹ́ríkà léèrè ọ̀rọ̀. A wá fi nọ́ńbà tí Hofstede fún orílẹ̀-èdè oníkálukú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn rẹ̀. Ìlà 2,000 ló wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ wá fi ìka tọ òpó tí wọ́n kọ "mo-dá-dúró" sí lórí, láti òkè wá sísàlẹ̀: 67, 67, 67, 67, títí dé ìlà ẹgbẹ̀rún, ó wá di 91, 91, 91, títí ó fi tán. Nọ́ńbà méjì péré. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀. Ó ń ṣírò bí ẹni pé ẹlẹ́rìí 2,000 ló dúró níwájú rẹ̀, ó sì gbé p bín-ín-tín jáde, ìyẹn ni pé irú èsì bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n kó ṣèèṣì yọjú bí kò bá sí ìyàtọ̀ nílẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì ló wà. Òfin, owó orí, ojú ọjọ́, gbogbo ohun tó bá ya Jámánì sọ́tọ̀ sí Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó jọ sábẹ́ orúkọ àṣà.

Ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tuntun lèyí. Lọ́dún 1888, Edward Tylor, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, ka iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìgbéyàwó láàárín ẹ̀yà bíi 350 síwájú àwọn onímọ̀ ní London. Francis Galton, onímọ̀ ìṣirò tó wà níjòókòó, bi í pé mélòó nínú wọn ló dá àṣà náà sílẹ̀ fúnra wọn, mélòó ló kọ́ ọ lára aládùúgbò. Ìbéèrè yẹn wà níbẹ̀ títí dòní. Àwọn orílẹ̀-èdè tó jọ ń sọ èdè kan, tó jọ wà lábẹ́ ìjọba kan rí, a ò lè kà wọ́n bí ẹni tí kò mọra rí. Àní 40 ọ̀hún kò pé 40.

Ẹ ti gbọ́ ìtàn Walmart, iléeṣẹ́ ìtajà ńlá ará Amẹ́ríkà, ní Jámánì: wọ́n wọlé lọ́dún 1997, wọ́n ta àwọn ilé ìtajà wọn fún Metro, iléeṣẹ́ ìtajà ará Jámánì, lọ́dún 2006. Wọ́n ní ẹ̀rín músẹ́ àti kíkí oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà ni ara àwọn ará Jámánì kò gbà. Àwọn agbaninímọ̀ràn ti fi ìtàn yìí jẹun kárí ayé. Ọ̀gá tà, ọ̀gá ò tà, owó aláàárù á pé. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi òṣùwọ̀n wọn wọn ọ̀rọ̀ wọn. Kogut àti Singh, onímọ̀ òwò méjì, ló fún wọn ní ìlànà tí wọ́n fi ń wọn bí àṣà méjì ṣe jìnnà síra tó lọ́dún 1988: mú ìyàtọ̀ lórí òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan, fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, pín in kí òṣùwọ̀n kan má baà bo ìyókù mọ́lẹ̀, kó o wá wá ìpíndọ́gba. Lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Jámánì sún mọ́ Amẹ́ríkà ju Mẹ́síkò lọ. Mo-dá-dúró: Amẹ́ríkà 91, Jámánì 67, Mẹ́síkò 30. Àlàfo agbára: 40, 35, 81. Bẹ́ẹ̀ Mẹ́síkò, tí Walmart bá Cifra, iléeṣẹ́ ìtajà ará ibẹ̀, wọ̀ lọ́dún 1991, ni ọ̀nà ti là fún wọn.

Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni kí n sọ: orílẹ̀-èdè méjì kò tó láti pa òṣùwọ̀n náà, bí kò ṣe tó láti gbè é lẹ́sẹ̀. Cifra mọ ilẹ̀. Ní Jámánì, Aldi àti Lidl, àwọn ilé ìtajà olówó pọ́ọ́kú, ti ta gbòǹgbò, àjọ tó ń mójú tó ìdíje sì pàṣẹ lọ́dún 2000 pé kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Walmart, Aldi àti Lidl, yé ta àwọn ọjà kan ní iye tó kéré sí iye tí wọ́n rà á. Igi kan kì í dágbó ṣe.

Alága ti ń fi aago hàn mí, ẹ jẹ́ kí n sáré. Bí ẹ bá dán àbá 20 tí kò sí òótọ́ kankan nínú wọn wò, tí ẹ fi 0.05 ṣe ààlà p, ìyẹn lẹ́ẹ̀kan nínú 20, ó tó 64 nínú 100 kí ó kéré tán ọ̀kan purọ́ fún yín. Ẹ kọ àbá sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣí dátà. Ní ti ìtumọ̀, kí ẹnìkan tú ìwé ìbéèrè, kí ẹlòmíì tí kò rí ti ìpìlẹ̀ tú u padà sí èdè àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ fi méjèèjì wéra.

Ibi tí mo dé nìyẹn tí obìnrin kan fi dìde. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo niléeṣẹ́ wa fẹ́ wọ̀. Ẹ ní ọ̀kan ò tó. Ṣé ká jókòó sílé ni?"

Mo pa ìwé tó kù dé. Mo ní, "Ẹ má jókòó sílé, mà. Ẹ yí ìbéèrè yín padà ni. Ẹ yé bi pé báwo ni àṣà wọn ṣe rí. Ẹ mú ohun tí ọwọ́ yín lè yí: ṣé kí òṣìṣẹ́ kí oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà, àbí kó fi í sílẹ̀? Ẹ mú ìlú mélòó kan, ẹ ṣẹ́ kèké, kí ìdajì máa kí, kí ìdajì má kí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fòpin sí i àti iye ọjà tẹ́ ẹ máa wò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú."

"Ìlú mẹ́fà lagbára wa ká, sà. Ṣùgbọ́n oníbàárà wa á ju 10,000 lọ."

Ẹ rí i pé a ti padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú lẹ ṣẹ́ kèké fún, ìlú lẹ máa kà. Ọ̀nà 20 ló wà láti yan mẹ́ta nínú mẹ́fà. Kódà bí ìlú mẹ́ta tí wọ́n ti ń kí ènìyàn bá borí mẹ́ta yòókù pátápátá, ó lè ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú 20, nígbà tí kíkí ò ṣe nǹkan kan. Bí ipò ìlú kan ṣoṣo bá yẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́jọ, tẹ́ ẹ yan mẹ́rin, ọ̀nà 70 ló wà, irú èèṣì bẹ́ẹ̀ á wá di ẹ̀ẹ̀kan nínú 70.

Ó kọ 8 sínú ìwé rẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó wá bi mí níbi tí àwọn á ti rí owó ìlú méjì sí i. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó ìwé ìbéèrè.