Bàbá, Ọmọ àti Ọmọ Àgbọ̀nrín

Ẹ kú òwúrọ̀, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Bíbélì kíkà wa ti òní ni 1 Kọ́ríńtì 13:11: “Nígbà tí mo wà ní èwe, èmi a máa sọ̀rọ̀ bí èwe, èmi a máa mòye bí èwe, èmi a máa gbèrò bí èwe: ṣùgbọ́n nígbà tí mo di ọkùnrin tán, mo fi ìwà èwe sílẹ̀.”

Ìtàn kan wà tí ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá ka ẹsẹ yìí. Inú The Yearling ni ó wà, ìwé ìtàn àròsọ tí Marjorie Kinnan Rawlings tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1938, tí ó sì gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá kan tí wọ́n ń fún àwọn òǹkọ̀wé ní Amẹ́ríkà, ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Igbó Florida ni ìdílé Baxter ń gbé, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà: Penny ni bàbá, Ora ni ìyá, Jody sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí ó kù fún wọn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ti sin.

Ní ọjọ́ kan, ejò olóró bu Penny jẹ nínú igbó. Kíá, ó yìnbọn pa abo àgbọ̀nrín kan, ó sì fi ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lé ojú egbò náà kí ó lè fa oró jáde. Àgbọ̀nrín yìí ní ọmọ lẹ́yìn. Nígbà tí ara bàbá rẹ̀ ń yá bọ̀, Jody bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun lọ gbé ọmọ ẹran náà wálé, nítorí kò tọ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ebi nígbà tí ẹ̀mí ìyá rẹ̀ ti lọ fún ẹ̀mí bàbá òun. Bàbá gbà. Ẹ wo bí ìfẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀: ọpẹ́ àti àánú ni ó bí i. Orúkọ ẹran náà wá di Flag.

Béárì kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Slewfoot, tí ó pa abo ẹlẹ́dẹ̀ tí ilé gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀tá tí gbogbo ilé mọ̀ ní ọ̀tá ni. Bàbá àti ọmọ jọ tọpa rẹ̀ títí Penny fi pa á. Ṣùgbọ́n Flag, tí ó ti dàgbà nínú ilé, ni ó jẹ àgbàdo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, oúnjẹ ọdún kan gbáko fún ìdílé náà. Jody tún un gbìn, ó mọ ọgbà ga sí i. Flag fò ó kọjá. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Síbẹ̀, n kò lè pe ẹran náà ní ẹni ibi, nítorí ohun tí a dá mọ́ ọn ni ó ń ṣe. Ojú tèmi ni pé Jody fẹ́ kí ó wà ní ọmọdé títí, nítorí òun alára kò fẹ́ kúrò ní ọmọdé.

Iṣẹ́ àṣekára ti gba èwe lọ́wọ́ Penny, nítorí náà ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ṣeré pẹ́. Mo rò pé ó pẹ́ jù. Àìlera ti dá a dùbúlẹ̀ nígbà tí ó pàṣẹ fún Jody pé kí ó mú ẹran náà lọ sí igbó, kí ó yìnbọn pa á. Ọmọ náà kò lè ṣe é. Ìyá rẹ̀ yìnbọn sí ẹran náà, ìbọn kò bà á dáadáa, Jody fúnra rẹ̀ ni ó sì parí ìrora náà. Ó sọ̀rọ̀ ìkórìíra sí bàbá rẹ̀, ó sá kúrò nílé, ebi sì kọ́ ọ lójú ọ̀nà pé ohun tí òbí òun ń bẹ̀rù kì í ṣe àròsọ. Nígbà tí ó padà, Penny kò ka ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Ó bá a sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin sí ọkùnrin: pé òun ti fẹ́ kí ayé rọrùn fún un, ṣùgbọ́n ayé a máa lu ènìyàn ṣubú, ẹni tí ó bá ṣubú a sì máa dìde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun kan lè wà tí ẹ ti fi inú kan tọ́ dàgbà, tí ó wá ń jẹ irúgbìn ilé yín báyìí, ìbáà ṣe tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tí ó bẹ̀rẹ̀ bí eré, tí ó ń kó owó ilé-ìwé lọ. Ẹ má ṣe máa mọ ọgbà ga yí i ká. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ sọ òtítọ́ fún ọmọ yín kí àìsàn tàbí ọjọ́ ogbó tó dá yín dùbúlẹ̀, kí ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún èyí tí ó bínú lọ, gẹ́gẹ́ bí bàbá inú Lúùkù 15.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà.

Baba wa ọ̀run, fún wa ní ojú tí yóò rí ohun tí ó ń jẹ wá run láti inú ilé, àní bí ó tilẹ̀ jẹ́ ohun tí a fẹ́ràn. Fún wa ní agbára láti fi í sílẹ̀, kí o sì tu ọkàn wa nínú lẹ́yìn náà.

Olúwa, ọmọ tí ó ti bá bàbá rẹ̀ jà, tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn ní òwúrọ̀ yìí, má ṣe jẹ́ kí ebi tàbí ewu pa á. Mú un padà wálé láàyè. Bàbá tí ó ń retí rẹ̀, gba ìbínú kúrò lọ́kàn rẹ̀, kí o sì fi ọ̀rọ̀ tí ó yẹ sí i lẹ́nu. Bí a ti ń dàgbà ní ọjọ́ orí, mú kí ìwà wa dàgbà pẹ̀lú, ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.